Ìṣirò Ilé Etí Òkun, Kí Ìyá Rẹ Tó Kó Wá

Ilé wa, Igbó-Ọrà,
Àárọ̀ Sátidé.

Ìdòwú Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun. Bí o ṣe rí i pé ìwé gidi ni mo kọ, tí mo fi rán awakọ̀, tí kì í ṣe ohùn tí mo gbà sílẹ̀ sórí fóònù, ó ti yẹ kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ohùn orí fóònù yẹn kò bá mi lára mu. Ènìyàn á sọ̀rọ̀ lọ títí, bó bá wá fẹ́ tún gbólóhùn kan ṣe, kò ní rí i mú. Tíṣà ni mí. Ohun tí mo bá lè fi bírò fagi lé kí n sì tún un kọ, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Orí mi ń wú nítorí rẹ, ó ń wú débi pé ìyá rẹ ti ní kí n rọra. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ òróró àgbọn fi gbà ọ́ síṣẹ́ ní Àgbádárìgì, mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú Bíbélì, ọ̀kan wà lábẹ́ tìmùtìmù àga mi, ẹ̀kẹta wà nínú àpò àyà mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sí Ìdèrè bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́, mo ní kó dúró, mo fà á yọ fún un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, alábòójútó ni wọ́n kọ síbí o." Mo ní mo mọ̀. Ó yìn ọ́ dáadáa, àmọ́ ó gba owó ọ̀kadà rẹ̀ pé pérépéré.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ dáadáa ni wọ́n, oníkálukú ti wà nílé tirẹ̀ lókèèrè. Àmọ́ ìwọ tí wọ́n ń pè ní èṣù lẹ́yìn ìbejì láti kékeré, tí o máa ń bá gbogbo ilé jà nítorí ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìwọ lo dìde tí o ní kí ìyá rẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, nítorí pé dókítà àtọ̀gbẹ kò jìnnà sí ilé tí o gbà. Dókítà tiwa wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà ibẹ̀ sì máa ń gbọn ìyá rẹ bí ẹni ń jọ gàrí. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọdún mélòó ni mo fi kọ òwe yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọléèwé? Mi ò mọ̀ pé ó lè mú omi wá sójú ẹni títí ó fi kàn mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú iṣẹ́. Ìwé ìṣirò tí o yà ní fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, iye tí o rò pé iná, omi, gáàsì àti oògùn ìyá rẹ máa gbà lóṣooṣù, mo ti dà á kọ sínú ìwé eléwé ogójì. Mo sì mú bírò pupa. Mo fún ọ ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Má fajú ro. Ìṣirò náà dára gan-an fún ẹni tó ń gbé ní Igbó-Ọrà. Àmọ́ Àgbádárìgì lo wà.

Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo máa gbé ibẹ̀, màá fi ọ́ sílẹ̀ kí ooru kọ́ ọ lọ́gbọ́n, bó ṣe kọ́ èmi náà. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ṣúgà ìyá rẹ wà nínú ìṣirò yẹn. Oògùn yẹn kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kó dì bíi yìnyín. O ṣáà rántí ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, tí a wà láìsí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Oògùn ti bàjẹ́ sínú fíríìjì, àwa ò sì mọ̀, à ń gún un sí i lára láàárọ̀ lálẹ́. Omi lásán là ń gún. Ìgbà tí ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ wá. Nítorí náà, ohun tí mò ń wá nínú gbogbo ìlà tí o kọ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé oògùn yẹn á máa tutù lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé owó rẹ tán lójú ọ̀nà? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, màá gbé ìyá rẹ wá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní kúrò nílé yìí, bí ó ti wù kí o bínú tó.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kí n tú àkísà tèmi sílẹ̀ fún ọ. Mi ò sọ èyí fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ rí.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà tí ilé-ìwé ìjọ kan gbà mí síṣẹ́ tíṣà, ní abúlé kan létí òkun níhà ibi tí o wà yẹn. Mo jókòó nílé bàbá mi kí n tó lọ, mo ṣírò owó oṣù mi. Oúnjẹ: ìyá mi ti di èlùbọ́ àpò méjì fún mi. Omi: wọ́n ní kànga wà. Kẹrosíìnì: díẹ̀, fún àtùpà àti ọbẹ̀. Ìdajì owó oṣù ló ṣẹ́kù lórí ìwé. Mo tilẹ̀ ti yan àwọ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ rà. Kẹ̀kẹ́ yẹn, títí di òní, mi ò rà á.

Èkíní tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ooru fúnra rẹ̀. Ooru ilé wa mọ ìgbà tó yẹ kó dágbére. Lọ́sàn-án, oòrùn lè máa ta ní àtàrí, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, afẹ́fẹ́ á dé, bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, wàá máa wá aṣọ bora. Ooru etí òkun kì í lọ sùn. Bó ṣe wà lọ́sàn-án náà ló wà lóru, á lẹ̀ mọ́ ọ lára bí aṣọ tútù. Ìwọ wá kọ "Fánù: wákàtí mẹ́rin." Ta ló bá ọ ṣàdéhùn wákàtí mẹ́rin? Fánù yẹn á máa yí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Fíríìjì náà, tó máa ń ké díẹ̀ tó sì máa ń dákẹ́ nílé wa, kò ní ráyè dákẹ́ níbẹ̀, nítorí ooru tó yí i ká kò fún un ní ìsinmi. Fíríìjì kan náà ni, iná tó máa jẹ kò lè jẹ́ bákan náà.

Báwo ni wàá ṣe wá mọ iye rẹ̀? Má bi onílé. Onílé tó ń wá ayálégbé, kò sí ohun tó wọ́n nínú ilé rẹ̀. Èmi bi onílé tèmi pé ṣé omi wà, ó ní omi wà. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mi ò bi í bóyá ó ṣe é mu. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà lọ bá ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí o kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Má bi í pé èló ló ń ná sórí iná lóṣù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, iye tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ló máa sọ. Bi í pé, "Mà, ìgbà wo lẹ ra iná sí mítà kẹ́yìn, èló lẹ rà, ìgbà wo ló tán?" Ìyẹn, kò ní gbàgbé, nítorí ọjọ́ tí iná bá tán máa ń dun ènìyàn. Bi ẹni mẹ́ta, kí o mú èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn náà, yẹ mítà tìrẹ wò. Kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí o tún kọ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ohun tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, kí o tún fi ọjọ́ méjì mẹ́ta lé e, nítorí oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Èyí tí o kọ sínú ìwé rẹ, o kàn lérò ni. Èrò kì í tan iná.

Ìkejì ni ọ̀rinrin. Ọmọ Ìbàràpá ni mí, wọ́n bí mi sáàárín èlùbọ́. Iṣu tí ìyá mi rà ní Ìgangan, òun ló bó o, òun ló bọ̀ ọ́, òun ló sá a lórí àpáta títí ó fi gbẹ bí igi. Irú èlùbọ́ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú àjà fún ọdún kan kó má ṣe nǹkan kan. Mo gbé àpò méjèèjì kalẹ̀ nínú yàrá mi létí òkun bí ẹni gbé owó sí báńkì. Láàárín oṣù kan, àpò àkọ́kọ́ ti bu. Mo tú u, ó rí wúruwùru, ó ń rùn. Ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. Mo wá ra páànù fẹ̀ǹfẹ̀ kan, mo ń da èkejì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń yan án lórí sítóòfù kó má baà bu bíi ti àkọ́kọ́. Kẹrosíìnì tí mo ní ó máa tó mi fún oṣù kan tán ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, èlùbọ́ náà sì ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà àti ẹja tútù lójoojúmọ́, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ń ṣe oògùn ni?"

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ìyá rẹ di àpò ńlá kankan fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé oúnjẹ ilé máa dín owó kù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa wá, nínú ike tó ní ìdérí tó le. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọ̀rinrin yìí náà ni kò ní jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ rẹ gbẹ lásìkò òjò, wàá máa fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́, áyọ́ọ̀nù sì ń jẹ iná ju fánù lọ fíìfíì. N kò rí áyọ́ọ̀nù nínú ìwé rẹ. Mo ti bá ọ fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìkẹta. Omi ni. O kọ "Omi: ọ̀fẹ́, kànga wà nínú ọgbà."

Kànga tèmi náà wà nínú ọgbà. Omi rẹ̀ mọ́ lójú, àmọ́ iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Bí mo bá fi se ẹ̀wà, màá se é láti ìgbà tí mo bá dé láti ilé-ìwé títí ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà á máa wò mí, kò ní rọ̀. Mo wá ń ra omi mímu lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́, owó tí kò sí nínú ìṣirò mi rárá. Láàárín kẹrosíìnì àti omi, owó oṣù mi kì í rí ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo sì ń kọ lẹ́tà sílé. Mo kọ ọ́ sí ìyá mi pé etí òkun dára ju ilé lọ, omi wà, ara le, èlùbọ́ sì ti tán nítorí mò ń jẹun dáadáa. Èlùbọ́ tó bu ni mo sọ pé mo jẹ tán.

Kí ni ìyá mi ṣe? Inú rẹ̀ dùn, ó di àpò kẹta, ó sì gbé e wá fún mi fúnra rẹ̀. Mo dé láti ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, àpò èlùbọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òógùn bò ó. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Owó oṣù ku ọjọ́ márùn-ún, kẹ́ẹ̀gì mi gbẹ, kọ́bọ̀ kò sí lápò mi. Bí mo bá sọ fún un, gbogbo irọ́ inú lẹ́tà á tú. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo fa omi kànga, mo da ṣúgà sínú rẹ̀ kó má baà mọ̀ pé ó níyọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó ní, "Omi yín dùn o, Àkànní."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fún un ní omi yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìgbẹ́ ọ̀rìn dé, kò lè dìde lórí ẹní. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló yá mi lówó tí mo fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó gbádùn, tí mo sì jẹ́wọ́ fún un pẹ̀lú omijé, kò bú mi, ì bá dára ká ní ó bú mi. Ó kàn ń wo àpò èlùbọ́ yẹn. Ó ní, "Àkànní, bó bá jẹ́ pé o sọ fún mi ni, omi ni ǹ bá rù wá."

Ìdòwú, mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, fa omi kànga yẹn, bù ú sínú ife, tọ́ ọ wò lónìí. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nínú rẹ̀, kí o wò ó bóyá á hó. Bó bá níyọ̀, kọ owó omi mímu àti omi ìsebẹ̀ sínú ìṣirò rẹ, fún ènìyàn méjì. Ìyá rẹ ń mu omi ju ìwọ lọ, àìsàn rẹ̀ ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga náà, iná ló ń lò, bi onílé bóyá ẹ̀yin ayálégbé lẹ jọ ń dá owó rẹ̀. Nílé wa, ènìyàn lè béèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, wọ́n ń tà á.

Ìkẹrin ni àmù. Mo ti mọ̀ pé wàá kọ ọ́. O ní bí iná bá lọ, wàá gbé oògùn sínú àmù bí a ṣe ń ṣe nílé, o sì kọ òdo síwájú rẹ̀. Mi ò bínú sí ọ, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà yẹn, nọ́ọ̀sì kan ló là mí lọ́yẹ̀, mo gbé àmù sínú iyanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ yàrá, mo fi oògùn sínú ike gbígbẹ, mo gbé e sínú àmù, mo ń wọ́n omi sí iyanrìn láàárọ̀ lálẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Àwọn aládùúgbò wá ń wò ó. Mo fi yangàn, mi ò purọ́.

Àmọ́ báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo ra àmù létí òkun nígbà ọ̀dọ́ mi, omi inú rẹ̀ kò tutù rí. Mo rò pé ìyá amọ̀kòkò tó tà á fún mi rẹ́ mi jẹ, mo gbé àmù náà lórí, mo lọ bá a. Mo ní amọ̀ rẹ̀ kò dára. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó ní, "Ọmọ òkè, ṣé o rí aṣọ tó gbẹ níbí?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, tí mò ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ni mo tó mọ ohun tó sọ. Àmù máa ń làágùn. Bí òógùn yẹn bá ṣe ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń gbé ooru lọ. Nílé wa, afẹ́fẹ́ gbẹ, á tètè fa òógùn náà gbẹ, àmù á tutù. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mumi yó, kò lè gba òógùn ẹnikẹ́ni. Àmù á kàn jókòó síbẹ̀ nínú ọ̀rinrin, oògùn á máa gbóná nínú rẹ̀, ìwọ á sì máa fọkàn balẹ̀. Ọkàn tó balẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù.

Fa igi lé òdo yẹn. Níbi tó wà, kọ ohun tó ń gba owó. Bí agbára bá ká a, sólà kékeré àti bátìrì tó lè gbé fíríìjì ró títí iná á fi dé, owó rẹ̀ wúwo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó dín. Bí kò bá tíì ká a, kúlà tó dára, kí o sì bá obìnrin tó ń ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja dá ọ̀rẹ́, kí o sọ fún un pé oògùn aláìsàn ni o fẹ́ fi tọ́jú. Fi aṣọ wé oògùn náà kó má baà kan yìnyín. Lọ bi dókítà pé ọjọ́ mélòó ni èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fíríìjì nínú ooru ibẹ̀, má fi tèmi ṣe é, tíṣà lásán ni mí. Bi ilé ìwòsàn náà bóyá wọ́n lè máa bá yín tọ́jú àwọn tí ẹ kò tíì ṣí, kó jẹ́ ẹyọ kan péré ló máa wà nílé. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo ti fi tẹmómítà kékeré kan sínú àpò ìwé yìí. Gbé e sínú fíríìjì rẹ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí o kọ ohun tó bá sọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó má kọjá mẹ́jọ, kó má sì lọ sílẹ̀ ju méjì lọ. Ọjọ́ tí iná bá lọ, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lọ, àti ohun tí o ṣe.

Mi ò ní fi nọ́ńbà sí ìyókù, ọwọ́ ti ń ro mí. Má ra fíríìjì àlòkù nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ohun tí o bá jèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á, mítà á gbà á padà. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, á máa jẹ irin, nítorí náà fi owó àtúnṣe sí i, bó ti wù kó kéré. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ òkun ni kí o fún ìyá rẹ, kò ní jẹ́ kí ẹ máa fi fánù pa ara yín. Má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni títí oṣù mẹ́ta á fi kọjá, àní èmi. O ní wàá máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Jẹ́ kí ilé kọ́kọ́ sọ iye tó ń jẹ fún ọ.

Mo ka ìwé yìí sí ìyá rẹ létí nísinsìnyí, nítorí ojú rẹ̀ kò ríwèé mọ́. Mo rò pé á ní mo le mọ́ ọ jù. Kò sọ nǹkan kan nípa iná, kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ó ní kí n ka ìwé ìṣirò tìrẹ gan-an fún òun, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, "Bàbá Ìbejì, oúnjẹ Ìdòwú dà?"

Mo wò ó. Mo yí ewé náà padà, mo tún wò ó. Oògùn Màmá wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ẹja Màmá wà níbẹ̀, owó dókítà Màmá wà níbẹ̀. Oúnjẹ tìrẹ kò sí níbì kankan. Èmi tí mo fi bírò pupa lé gbogbo ìlà kiri, tí mò ń pariwo fánù àti áyọ́ọ̀nù, mi ò rí i. Ìyá rẹ tí kò ríwèé kà mọ́ ló rí i.

Ó wá ní, "Kọ ọ́ sí i pé èmi ò bẹ̀rù ooru. Pé á máa febi sùn kí fíríìjì mi lè ṣiṣẹ́, á sì máa sọ fún mi pé òun ti jẹun níbi iṣẹ́, ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ ọmọ mi."

Èmi náà mọ̀ ọ́. Nítorí náà, Àṣàkẹ́, mú ewé tuntun. Kọ oúnjẹ tìrẹ sí òkè pátápátá, ṣáájú iná, ṣáájú omi, ṣáájú oògùn, kí o sì kọ iye tó lè yó àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí owó bá wá kù díẹ̀ kó tó, kọ ọ́ gbangba pé kò tó. Mo ń gba owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sì wà láyé. Fi ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ tí mo bá rí oúnjẹ rẹ nínú ìwé náà ni màá di ẹrù ìyá rẹ, màá sì mú un wá fún ọ fúnra mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí o sọ di agbéraga lọ́jọ́ ogbó.